Ilé Amos Pegg Létí Pápá

Nígbà tí Lionel Averill ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Eré ọmọ ọlọ́lá ni. Amos Pegg, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan náà, ń fi í jẹun ni, nítorí náà yàrá ìmúra tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọ pápá lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ọba fi Averill ṣe alábòójútó ilẹ̀ rẹ̀ ní Norfolk. Averill mú Pegg wá láti máa tọ́jú pápá ìṣeré, ó sì fún un ní ilé kékeré kan létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Hester, ìyàwó Pegg, kú sí nígbà òtútù. Orúnkún bàbá náà sì ti kọṣẹ́ báyìí. Iṣẹ́ ló ni ilé; ẹni tí kò lè ṣe é mọ́ á kó jáde, àfi bí Averill bá bá a bẹ ààfin. Averill náà ti sin ìyàwó. Ó ṣì máa ń fetí sí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń retí ìró ẹsẹ̀ ìyàwó náà.

Ó bá Pegg lẹ́yìnkùlé, tó ń wa ọ̀dùnkún.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ rọra o, ẹrẹ̀ á ba bàtà yín jẹ́."

"Pegg, ẹni tuntun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó lọ́mọ mẹ́ta. Ọmọ rẹ obìnrin tó wà ní Leicester ńkọ́?"

"Ó ní yàrá kan lókè, sà."

"Kò ní ni ọ́ lára, àbí?"

Pegg nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gbójú sókè wo fèrèsé yàrá tí Hester kú sí. "Rárá, sà."

"Bí o bá fẹ́ dúró, mo lè bá wọn sọ ọ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá fún bọ́ọ̀lù tó bá le?" Pegg rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Averill náà rẹ́rìn-ín, ara sì tù ú. Ó sọ fún ààfin pé bàbá náà gbà tayọ̀tayọ̀.

Ìgbà tó délé ló rántí ọ̀sán kan ní Leicester, tí balógun ẹgbẹ́ wọn bi Pegg bóyá èjìká rẹ̀ ṣì lè ju bọ́ọ̀lù. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Pegg wí, ó sì ń jù ú títí èjìká náà fi bàjẹ́. Averill dúró nítòsí lọ́jọ́ náà, ó rí ìrora lójú Pegg. Síbẹ̀, kò padà lọ sí ààfin.

Lọ́jọ́ tí Pegg ń lọ, Averill bá a nídìí kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

"Mo ti fọ yàrá òkè," ni Pegg wí, "kí àwọn ọmọ náà má baà gbóòórùn oògùn."

"Ó yẹ kó o ti sọ fún mi, Pegg."

Bàbá náà gun orí kẹ̀kẹ́.

"Ta ni ǹ bá sọ fún tí á gbọ́?" ó wí, ó sì ní kí awakẹ̀kẹ́ máa lọ.