Ìyá Tí Mo Gé Kúrò Nínú Orin

Bísí, àlá tí mo lá lóru àná ò tíì kúrò lójú mi. Ṣé o rántí orin àtijọ́ tí mo gé kúrú fún àwọn oníjó wa, tí n ò gbàṣẹ lọ́wọ́ olórin? Nínú àlá, èmi nìkan wà ní gbọ̀ngàn ìjó. Ìyá àgbà kan tí n ò mọ̀ rí gbé àga wọlé. Ó ní, "Ibi tí ọkọ mi ti ń kì mí lo gé. Níbo ni kí n wá jókòó sí?" Bí mo ṣe fẹ́ fi àyè hàn án ni gbọ̀ngàn súnkì, ògiri kàn mí lẹ́yìn. Ó gbé àga rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí mo jí, mo tún orin náà gbọ́. Ojú ibi tí mo gé ò hàn rárá, bíi pé kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ rí.