Ẹni Tó Jókòó Lé Àlájì Jibril Lórí

Mùínátù ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alágbàdo ní Ijoun. Nígbà tí àjọ kan tó fẹ́ fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù ní àwọn fẹ́ mọ bí ìkórè ṣe rí láti ọdún mẹ́ta, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kó iye àpò tí oko mẹ́ta tó tóbi jù mú jáde sínú Excel, ó sì fi ya àwòrán. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní òpó kan. Búlúù tó wà nísàlẹ̀ òpó jẹ́ ti Àlájì Jibril, àwọ̀ ewé tó wà láàárín jẹ́ ti Ìyá Àṣìkẹ́, alága ẹgbẹ́. Pupa tó wà lókè pátápátá jẹ́ ti Bàbá Ìbítóyè.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó fi hàn wọ́n. Àlájì wò ó títí.

"Mùínátù, kí ni mo fi ṣe Ìbítóyè tó fi jókòó lé mi lórí?"

"Kò jókòó lé yín lórí, Bàbá. Ńṣe ni mo tò yín léra."

"Ṣé búlọ́ọ̀kù ni wá?"

Bàbá Ìbítóyè ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí orí mi dé lọ́dún tó kọjá. Ó ku mẹ́ta kó pé ọgọ́rùn-ún àpò."

"Ìwọ tí o kórè àpò mọ́kànlá?" ni Àlájì bi í.

"Àwòrán ni kó o bi."

Mùínátù ṣàlàyé pé ibi tó pupa nìkan ni ti Bàbá Ìbítóyè, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àlájì ní kí wọ́n gbé òun sókè. Mùínátù pààrọ̀ wọn. Ni Bàbá Ìbítóyè bá dìde pé orúnkún ń dun òun, òun ò lè ru èèyàn méjì. Ìyá Àṣìkẹ́ ní láti àárọ̀ ni òun ti há sáàárín wọn, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òun ń rí èémí mí.

Mùínátù bá yí àwòrán náà padà, ó mú kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Búlúù ga, àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, pupa kò kọjá orúnkún wọn.

Bàbá Ìbítóyè yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Mùínátù, ọmọ mi, dá a padà. N ó rù wọ́n."

"Ó dára báyìí," ni Àlájì wí.

Ìyá Àṣìkẹ́ ní bó ṣe máa wà nìyẹn, nítorí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kórè ni àjọ náà fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, Bàbá Ìbítóyè rọra sún mọ́ akọ̀wé. "Ṣé o lè mú tèmi sanra díẹ̀?"

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa jọ sanra."

"Tiwọn ò kàn mí."

Mùínátù dín àlàfo tó wà láàárín ọdún kan sí èkejì kù, gbogbo òpó sì fẹ̀. Bàbá fi fóònù rẹ̀ yà á, ó gbé e lọ han Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ nílé.

"Èwo ni tiwa níbẹ̀?" ni Àrìnpé bi í.

"Pupa yìí, tó sanra yìí."

Àrìnpé gba fóònù, ó wò ó dáadáa. "Ó jọ pé ó ń jẹun ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ."