Ọjọ́ Tí Ìyàwó Tíṣà Sọ Pé "O"

Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í rẹni, kò tí ì gbé géńdé ọkùnrin wọ balùwẹ̀ rí ni. Ọdún méjì rèé tí ìyàwó Tíṣà ti ń ṣe é láràárọ̀, láti ìgbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti mú ọkọ ẹ̀. Á wẹ̀ fún un, á wọṣọ fún un, á gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó tó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tiẹ̀. Oorun sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rán ọrùn búláòsì oníbàárà kan pa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ obìnrin ti bẹ̀ ẹ́ títí. "Gbé e wá sọ́dọ̀ mi fún oṣù kan. Yàrá wà, èèyàn wà ńlé." Ó kọ̀ jálẹ̀. Ṣé kí ayé wá sọ pé ó rí ọkọ fẹ́ nígbà tó ń rìn, ó wá jù ú nù nígbà tó dùbúlẹ̀? Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn dénú kì í sọ pé ó rẹ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọṣẹ ti wà lára Tíṣà, omi sì ti ń tutù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀," ó ní.

Tíṣà ò gbé e. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

"Gbẹ́sẹ̀ jàre. Àbí o ò gbọ́ ni?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ "o" sí ọkọ ẹ̀ rí, yálà nínú ìjà tàbí nínú eré. Ojú tì í gan-an. Tíṣà tó máa ń bínú tí ọmọdé kan ò bá kí i dáadáa, irú ìbínú wo ló máa wá bí báyìí?

Ẹnu Tíṣà tó ti wọ́ là díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti rẹ̀ yín."

Ìyàwó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́lòmíì nínú balùwẹ̀. "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ, kẹ́ ẹ lè sùn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó sunkún. Àṣé ọkùnrin náà ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, tó sì ń dùn ún. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ṣan ọṣẹ náà kúrò lára Tíṣà, ó nu ara ẹ̀ gbẹ, ó sì fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Àmọ́ oṣù kan péré ni o. Mi ò fi wọ́n ta yín lọ́rẹ. Mo kàn fi wọ́n yá yín ni."