A O GBA A PADA

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Yẹ́misí yóò ka ìròyìn fún ìgbà àkọ́kọ́, bàbá ìyá rẹ̀, Olùkọ́ Dàwódù, tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tuntun tí ó rà ní Dópẹ̀mú, ó sì rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tí ó ní ẹnu. Láti orí dé imú, àwòrán ń dán gbinrin. Láti imú lọ sí ìsàlẹ̀, òkùnkùn biribiri. Oníwàásù kan wà níbẹ̀ tí ó ń fi iwájú orí nìkan wàásù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òṣèlú kan jáde, ó ń fi ojú méjèèjì ṣe ìlérí.

Hassanat, ìyàwó Olùkọ́, gbé abọ́ ògì dání, ó wo ẹ̀rọ náà títí.

“Bàbá Uswat, bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni gbogbo òṣèlú wa yóò máa wà, ẹ má dá a padà o.”

“Ohùn wọn ṣì ń jáde, Ìyá Uswat.”

“Ẹ ṣeun. Àbùkù rẹ̀ gan-an nìyẹn.”

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹnu kan ṣoṣo ni ó ṣe ra ẹ̀rọ náà. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, Yẹ́misí mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Ọlọ́runníyì, wá kí i ní ilé rẹ̀ ní Agége. Ọmọkùnrin náà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Orégùn, dọ̀bálẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Inú mi dùn láti mọ̀ ẹ́.”

“Ta ni ‘ẹ́’?” ni Olùkọ́ bi í. “Ṣé èmi àti ìwọ la jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò ni? Jáde. Ọjọ́ tí o bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ‘ẹ́’ àti ‘yín’, kí o padà wá.”

Ọmọkùnrin náà jáde. Yẹ́misí sì tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò tún tẹ ẹnu ọ̀nà náà mọ́, títí ó fi di ọ̀sẹ̀ yìí tí Yẹ́misí pè lórí fóònù.

“Bàbá àgbà, wọ́n ti fún mi ní ìròyìn Yorùbá kà. Èmi àti Ọlọ́runníyì sì ń rò ó bóyá kí á wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú.”

“Èwo wá ni? Ẹ ń bọ̀ ni, tàbí ẹ kò bọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu lé wa jáde, ẹnu náà ni n ó fi dá yín lóhùn. Bí orin ìparí bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń pa ohùn wa. Ẹ ṣáà máa wo ẹnu mi.”

Ẹ̀rọ ògbólógbòó inú ilé ti kú láti ọdún Iléyá. Hassanat ní kí àwọn kúkú lọ wo ọmọ náà ní ọ̀dọ̀ Ìyá Jemimah, aládùúrà tí ó wà ní ojúlé kejì, ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Olùkọ́ kọ̀. Ó ní òun kò ní lọ wo ẹ̀jẹ̀ òun ní ilé onílé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba Dópẹ̀mú lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Ọlámijùlọ.

Kí á má purọ́ mọ́ Ọlámijùlọ: ó ní kí àwọn tan ẹ̀rọ náà wò kí Olùkọ́ tó gbé e. Olùkọ́ ni kò gbà. Kí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbi tí májẹ̀mú ti wà lára ògiri? Pátákó pupa kan wà lókè orí ọlọ́jà náà, a sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé:

OJA TI O BA LABUKU A O GBA A PADA

Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Èyí dun Olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dùn ún lára gbogbo pátákó láti Abúlé Ẹ̀gbá títí dé Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yé e kedere. Ó ra ẹ̀rọ náà nínú páálí, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Nísinsin yìí, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di Dópẹ̀mú.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ ra èkejì rẹ̀ ni?” Ọlámijùlọ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí ẹ̀rín kì í wọ́n lójú rẹ̀, pàápàá nígbà tí owó bá ti wọlé tán.

“Mo wá dá a padà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní ẹnu.”

Ọlámijùlọ tan ẹ̀rọ náà, ó dẹ etí sí i. “Ó mà ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni?”

“Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni mo fẹ́, rédíò ni ǹ bá rà.”

“Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ẹ wo ara ògiri. A ò gbà á padà.”

Olùkọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. “A ó gbà á padà.”

“A ò gbà á padà.”

“A ó.”

“A ò.”

“A ó!”

“A ò, sà!”

Àwọn tí ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ wọn láti òdìkejì títì yóò rò pé ẹgbẹ́ akọrin kan ni ó ń gbìyànjú ohùn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èrò pé tó iye tí ó tẹ́ Olùkọ́ lọ́rùn, ó kọjú sí wọn bí ẹni pé gbogbo wọn ni ó pẹ́ dé kíláàsì.

“Ẹ gbọ́ mi. ‘A ò’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró. ‘A kò’ ni, tí ọ̀lẹ gbé ‘k’ rẹ̀ jù sí gọ́tà. A lè gbà á láyè ní ẹnu, nítorí pé ẹnu kò ní ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ara ògiri kì í ṣe ẹnu. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀ fún oníbàárà, kí ó kọ ‘a kò’, kí gbogbo ayé rí ‘k’. Níwọ̀n bí ‘k’ kò ti sí níbí, ‘a ó’ ni. Ó parí.”

“Bàbá,” ni Ọlámijùlọ wí, “ní Dópẹ̀mú níbí, ta ló ń sọ ‘a kò’? Àfi ẹni tó bá ń ka Bíbélì.”

“Tàbí ẹni tó ń kọ ọkọ!” ni obìnrin kan tí ń ta ṣájà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà dá a lóhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe Quadri, ẹni tí ó kun pátákó náà, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń kọ nǹkan sí lára nítòsí ibẹ̀. Ó dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

“Quadri,” ni Ọlámijùlọ wí, “kí ni mo ní kí o kọ?”

“Ọ̀gá, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ni. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ.”

“Àmì wo ni o gbọ́?” ni Olùkọ́ bi í.

“Bàbá, èmi kì í kun àmì o. Ó máa ń jọ ìgbẹ́ eṣinṣin. Tí mo bá kùn ún, oníbàárà á ní ọ̀dà mi ń ta sílẹ̀.”

Olùkọ́ di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a gún ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó là á, ó na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì náà. “Ohun tí a kọ ni a kọ. Ohun tí ó wà nínú ikùn ẹni kì í ṣe gírámà. Gbé e wá.”

Wọ́n gbé àpótí kan fún un. Ó gùn ún, ẹni méjì dì í lẹ́sẹ̀ mú, ó sì fi àmì ohùn òkè kan, tí ó gún régé, lé orí O inú ‘A O’ náà. Èrò pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà funfun lórí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń tàn.

Ọlámijùlọ wo pátákó náà lọ, ó wò ó bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín padà sí ẹnu rẹ̀.

“Ó dáa, Bàbá. Mo gbà. Ohun tí a kọ ni a kọ.” Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e ka orí tábìlì tirẹ̀. “A ti gbà á padà.”

“Mo dúpẹ́. Èwo ni ẹ ó wá fún mi?”

“Fún yín kẹ̀? Bàbá, ẹ tún un kà. Níbo ni mo kọ ọ́ sí pé a ó fún yín ní òmíràn? Níbo ni mo kọ ọ́ sí pé a ó dá owó padà? Àbí inú ikùn mi ló wà ni?” Ó fi ọwọ́ gbá ikùn náà jẹ́jẹ́. “Ikùn ẹni kì í sì í ṣe gírámà.”

Àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n rẹ́rìn-ín jù lọ.  Ní gbogbo ìgbà tí Olùkọ́ fi kọ́ni, ó ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sí abẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yòówù tí ó bá ka ohun tí kò sí nínú àyọkà mọ́ àyọkà. Lónìí, abẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni ìlà pupa náà wà.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀. Ó túmọ̀ ‘gbà’, ó túmọ̀ ‘padà’, ó so méjèèjì pọ̀, ó tún tú wọn. Ó lọ kírun Alásárì ní mọ́sálásí tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó padà wá túmọ̀ wọn lákọ̀tun. Ọlámijùlọ ń dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Hassanat pè.

“Bàbá Uswat, ìròyìn kù fẹ́ẹ́. Ìyá Jemimah ti fi àga yín sílẹ̀ níwájú pátápátá.”

“N kò lè wá báyìí. Ọ̀rọ̀ àmì ni mo wà lórí rẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ ọmọ ni,” ni Hassanat wí, ó sì pa fóònù.

Gbogbo ẹ̀rọ tí ó kù nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni ó wà nínú páálí, Ọlámijùlọ kì í sì í tú páálí fún ẹni tí kò rajà. Èyí tí Olùkọ́ dá padà nìkan ni ó wà ní ìta páálí, òun ni Ọlámijùlọ tàn.

“Ẹ wo ìròyìn, Bàbá, kí ẹ má baà sọ pé a ò ṣe yín lálejò. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án. Ó ti di tiwa.”

Yẹ́misí jáde. Gèlè rẹ̀ wà níbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì tí ó jọ ti Hassanat bí ìgbà tí a yá a lò wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń dúró níbi tí ó yẹ kí ó dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ń mi ètè tẹ̀lé e.

“Ọmọ yín nìyẹn?” ni Ọlámijùlọ béèrè. “Ó mọ̀ ọ́n kà o.”

Lẹ́yìn náà ni orin ìparí dé, a sì pa ohùn. Yẹ́misí gbé ojú sókè, ó wo iwájú tààrà. Ojú náà kéré díẹ̀. Ṣé ẹ̀rín ni, àbí ẹkún? Olùkọ́ ti dìde, ó ti kúnlẹ̀ níwájú tábìlì náà, ó ń fi apá bùbá rẹ̀ nu ibi tí ó dúdú náà, bí ẹni pé eruku ni. Ìpolówó ọṣẹ gba ojú ẹ̀rọ.

“Kí ni ó sọ?” ni ó bi Ọlámijùlọ.

“Bàbá, ìdajì òkè lèmi náà rí.”

Bí Olùkọ́ ti ń jáde, ọkùnrin kan ń gbé páálí ńlá kan jáde níwájú rẹ̀. Obìnrin tí ń ta ṣájà bi í bóyá ó ti tan ọjà rẹ̀ wò.

“Kí la tún fẹ́ tàn wò?” ni ọkùnrin náà wí, ó na ìka sí pátákó. “Ẹ ò rí àmì lórí rẹ̀ ni?”

Nígbà tí Olùkọ́ wọlé, Hassanat ti dé láti ojúlé kejì.

“Ìyá Uswat, kí ni ó sọ?”

Hassanat kọjú sí i. Ó la ẹnu, ó ká ètè, ó tún là á, kò sì jẹ́ kí ohùn kankan jáde. Olùkọ́ ka ètè rẹ̀ lẹ́tà-lẹ́tà, bí ẹni tí ó ń ka pátákó: A O WA.

“A ó wá ni, tàbí a ò wá?”

“Ìyá Jemimah ní ‘a ó wá’ ni. Jemimah ní ‘a ò wá’ ni. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kí n tó jáde.”

“Ṣé o rí ‘k’ níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ̀ ni, ‘a kò’ ni ìbá sọ.”

“Bàbá Uswat, ta ló ń sọ ‘a kò’ fún bàbá rẹ̀?”

Ó ti gbọ́ ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn. “‘A ó wá’ ni,” ni ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gòkè dé ibi tí àmì náà ń fẹ́.

Hassanat na fóònù sí i. Olùkọ́ fi ìka tí ọ̀dà ti gbẹ sí lórí tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe Yẹ́misí ni ó gbé e, Ọlọ́runníyì ni.

“Ẹ káalẹ́, sà! Yẹ́misí ṣì ń bọ̀ láti inú ilé-iṣẹ́ wọn, èmi ni mo wá gbé e, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn gan-an láti gbọ́ ohùn ẹ.”

Hassanat rí i bí iṣan ọrùn ọkọ rẹ̀ ti yọ, bí ó ti fa èémí sínú, bí ó ti di fóònù náà mú gírígírí. Ó dákẹ́. Ó tẹ́tí títí. Ó mi orí, bí ẹni pé ẹni tí ó wà lórí fóònù lè rí i. Níkẹyìn ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ máa rọra bọ̀,” ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀.

“Kí ni wọ́n wí?”

“A ó wá.”

“Pẹ̀lú àmì?”

“Pẹ̀lú àmì. Ṣùgbọ́n ó tún pè mí ní ‘ẹ’.”

“Ẹ sì dákẹ́?”

Olùkọ́ wo orí tábìlì òfìfo tí ẹ̀rọ náà ti kúrò.

“Ẹnu mi wà ní ìdajì ìsàlẹ̀,” ni ó wí.