Agogo Inú Orin Ìyá

Ìyá ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó jinná, ó ku kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọkùnrin ilé ìwòsàn tó ń wá tọ́jú ẹsẹ̀ náà, tí Ìyá sọ ní Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀, ní kí wọ́n máa fi orin sí i kí ẹsẹ̀ lè máa bá orin lọ. Ó ní bí Màmá kò bá rìn lójoojúmọ́, orí àga onítáyà ni wọn yóò wà títí.

Orin rédíò kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ní òun yóò ṣe ti ìyá òun. Kò lu nǹkan kan, kò sì kọrin. Àṣẹ ló ń kọ ní ìlà-ní-ìlà: mú ohùn yìí jáde, dúró díẹ̀, mú ìyẹn jáde. Kọ̀ǹpútà a sì ṣẹ̀dá ohùn náà fúnra rẹ̀. Ó fi agogo kékeré kan sí i. Bí ó bá ti dún, kí Ìyá gbé ẹsẹ̀.

Ìyá ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fun imú sínú agolo. Àmọ́ ó dìde, ó di irin tó fi ń rìn mú, ó sì rìn.

Nígbàkigbà tí Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ bá ní kí wọ́n fi eré díẹ̀ kún orin, ọmọ náà a jókòó, a tún gbogbo ìlà kọ látòkèdélẹ̀, torí ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀. Kó tó parí, Ìyá a ti padà sórí àga. Ọkọ ọmọ náà wò ó títí, ó bi í bóyá ilé ló máa ń wó tó bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́tìnnì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ó kọ eré orin, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí yóò ṣe yára tó, sí ojú kan lókè, ó fi orin sí àyè tirẹ̀, ohùn náà sí àyè tirẹ̀. Àṣẹ kan wá ń kó gbogbo wọn jọ. Bí ó bá yí ọ̀kan padà, kò ní fọwọ́ kan ìyókù.

Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó fi kún eré, ó sì tan án fún Ìyá. Ìyá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ló bá kọsẹ̀. Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ló gbá a ní ìbàdí mú.

“Mi ò rìn mọ́,” ni Ìyá wí nígbà tó jókòó. “Orin ní kí n máa bọ̀, agogo ní kí n dúró ná. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?”

Ọmọ náà padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé inú iṣẹ́ àtijọ́ lòun ti mú agogo náà wá, pẹ̀lú àkókò tí òun ti fọwọ́ ara òun kọ mọ́ ọn. Gbogbo nǹkan yòókù ti ń yára, agogo ò mọ̀. Ó pa àkókò náà rẹ́, ó ní kí agogo kọ́kọ́ wo eré tó wà lókè kó tó dún. Kí omi tó hó lórí iná, ó ti ṣe tán.

Ìyá kò dìde. Ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó tan orin, ó mú irin ìyá rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú bíi ti Ìyá, ó sì ń bá agogo rìn yí yàrá ká.

“Ṣé bí mo ṣe máa ń tẹ̀ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Irọ́ ni. Gbé e wá.”

Ìyá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ní kí Màmá yí padà, ṣùgbọ́n kò yí. Ìyá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, orin kù sẹ́yìn nínú yàrá, irin rẹ̀ sì ń dún kọ́, kọ́, lórí sìmẹ́ǹtì bí agogo ṣe ń dún. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bèèrè ẹni tó ṣí ìkòkò sílẹ̀.

Ọmọ náà fẹ́ pa orin. Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, kí Màmá lè rí orin tí wọ́n máa bá rìn padà.

“Ẹ fi eré díẹ̀ kún un o,” ni Ìyá wí láti ilé ìdáná, “mo ti ń bọ̀.”

Ọmọ náà pààrọ̀ nọ́ńbà eré lókè, agogo sì bá a lọ.