Ẹ̀yìn Káàdì Ilé Aago

Ẹni tó bá ń kó káàdì aláwòrán tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì jọ kò gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì ti torí ẹ̀ bá èèyàn jà. Irinwó káàdì àtijọ́ ló wà ní yàrá mi: afárá kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti wó, àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ nígbà tí igi ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àpò ọ̀rá tiẹ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá lè tọ́jú òun báyẹn, òun ò ní í darúgbó láé.

Ẹyọ kan péré ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, inú àpótí ìyá wa ni mo ti rí i, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn. Àwòrán ilé aago ni. Lápá òsì ilé aago náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá wa kọ́ hàn kedere. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé ibẹ̀ títí di òní, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ.

Nígbà tí ìjọba ní títì tuntun máa gba orí ilé náà kọjá, wọ́n ní ilé tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún nìkan làwọn ò ní í fọwọ́ kàn. Ìwé ilé ti jóná tipẹ́. Èmi ẹlẹ́nu, mo gbé ìwé káàdì mi, ó di ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀.

"Ilé rèé!" ni mo wí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì wò ó dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, àwòrán ni mo rí. Ìgbà wo ni wọ́n yà á? Ẹ jẹ́ kí n rí òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, aago mẹ́wàá ọ̀la. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn ilé tí a máa wó ti lọ nìyẹn."

Gọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo rò ó fún un.

"Ṣé ó ṣeé ṣí?"

"Ó lè ya."

"Tí a ò bá ṣí i ńkọ́?"

A gbé kẹ́tùlù kaná, mo sì na ìwé náà sí ooru omi. Igun kan gbéra, mo fà á díẹ̀, ó sì dún ṣàà.

"Ó ti tán! Ó ti bàjẹ́!" mo figbe ta.

Ojú sánmà orí ilé aago ló ya, kò tó èékánná.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. "Ilé lò ń sunkún fún ni, àbí káàdì?"

Mo ní ilé ni. Irọ́ ni mo pa.

"Gbé e wá. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń tú ojú rírán, mi ò ya aṣọ oníbàárà rí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà sórí ẹpọ̀n." Ó mú abẹ tó fi ń tú aṣọ. "Ìwọ jáde. Bó o ṣe ń mí yẹn ò jẹ́ kí n ráyè."

Mo ń lọ mo ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ń rọbí. Mo gbọ́ tó dákẹ́, ẹ̀rù bà mí. Mo gbọ́ tó wúkọ́, ẹ̀rù tún bà mí. Ó tó wákàtí kan kó tó pè mí pé kí n wá kà á. Apá kan òǹtẹ̀ náà ti ṣú, ṣùgbọ́n ọdún ibẹ̀ ṣeé kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ oníbàárà nu ojú.

Aago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì, a ti wà níwájú ọ̀gá. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ṣírò.

"Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Màmá, ilé yín ò ní í wó."

Ẹ̀gbọ́n mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Èmi ti mú káàdì mi padà, mo fẹ́ dá a padà sápò, ni mo rí i tí ọ̀gá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ìwé níhò.

"Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?"

"Inú fáìlì ló máa wà, ẹ̀gbọ́n. A kì í gba ẹ̀dà. Tí ẹlòmíì bá gbapò mi lọ́la, tí kò bá rí i níbẹ̀, wọ́n á wó ilé náà ni."

Mo wo ibi tí ihò méjèèjì máa bọ́ sí. Ọ̀kan máa lu ojú aago gan-an. Mo ní bóyá kí n lọ wá nǹkan mìíràn wá, mo ní bóyá kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀gá na ọwọ́, ó di káàdì náà mú, ó fà á. Kò wá. Ó tún fà á. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mi ò jọ̀wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ ìdúpẹ́. Ó wo ìka mi, ó wo ojú mi. Kò bínú rárá.

"Àbúrò mi," ó ní, "ibẹ̀ ni mò ń sùn."

Mo jọ̀wọ́ ẹ̀. Ìtìjú bò mí, mo sì ń wo ilẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi dún.