Àgbọ̀n Mojọlá, Àgbọn Mojọlá

Nígbà tí wọ́n bí Mojọlá ní Igbodigo, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn náà ni. Nígbà tó dàgbà, bó bá ń lọ sọ́jà Òkìtìpupa, àgbọ̀n náà á ti nájà tán, á ti jókòó sínú ọkọ̀ tó ń padà bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọjà. Bí òjò bá ń rọ̀, àfi kó dorí kodò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹja á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ gbogbo ìwọ̀nyí, kí ẹlẹ́nu kan tó sọ ọ́ lù ú lójú.

Èyí tí kì í fi ṣàwàdà ni ti ètè. Ètè òkè wà ní Igbodigo, ti ìsàlẹ̀ wà ní Akotogbo, wọn ò fojú kanra rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kó tó jáde, kò lè pè é: kò lè pe bàbá, kò lè pe púpúrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń yan tà. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, Nojọlá ló ń pè é. Lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lórí, tó ní kó sọ orúkọ rẹ̀, Nojọlá ni bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà fún. Mojọlá sunkún délé, ó ní Nojọlá ti gba Ẹ̀mí Mímọ́ òun lọ.

Ó wá ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní í fi ètè ṣe jọ. Dora ìyá rẹ̀, yèyé ló ń pè é. Philemon ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó dúró bíi bàbá fún un látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, Olórí Ilé ló ń pè é, Philemon á sì fẹ èjìká bí ẹni wọ adé. Orí fóònù nìkan ni ẹnu Mojọlá ti pé. Bó bá ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, á kọ gbogbo ohun tí ètè ti fi dù ú, á kọ ọ́ ní àkọyó.

Nígbà tí àwọn dókítà ọsibítù ńlá kan l'Ákùúrẹ́ sọ fún un pé àwọn lè fi ayùn wẹ́wẹ́ gé eegun àgbọ̀n náà, káwọn tì í sẹ́yìn, káwọn fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́ra, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ wáyà séyín kí eyín lè tò. Ó wọ̀ ọ́ ju ọdún kan lọ. Wáyà náà ń fà á bí ìgbà tí màlúù ń fa igi gẹdú, ṣùgbọ́n Mojọlá ní bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wẹ́dà Ìlútítun ni wọ́n ti máa ṣe é, òun á lọ.

Iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ ló kù, kí ẹbí kan wá fà á sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ ti Dora wò, ó ní tirẹ̀ gan-an ò tó o. Mojọlá bá kọ ọ̀rọ̀ sí Philemon láàárọ̀:

"Olori Ile, won fe ge agbon mi lola. E tete maa bo, eje ni won n bere."

Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ igi àgbọn kan wà lẹ́yìn ilé wọn ní Igbodigo. Bàbá Mojọlá ló gbìn ín sórí ibi rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àgbọn Mojọlá sì ni gbogbo ilé ń pè é. Àwọn ìjọba tó fẹ́ fẹ títì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kun ọ̀dà pupa sí i lára ni, àmì pé wọ́n máa gé e. Philemon mọ̀ pé ọmọ wà l'Ákùúrẹ́, ṣùgbọ́n wáyà ló rò pé wọ́n fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ náà, irun orí rẹ̀ dìde. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ gé àgbọn ọmọ, wọ́n tún ń béèrè ẹ̀jẹ̀! Ó pe Zacchaeus ìbátan rẹ̀, ó pe Akíntáyọ̀ tó ní bọ́ọ̀sì, ó kó gbogbo ọkùnrin agboolé jọ pẹ̀lú àdá, wọ́n yí igi ká bí ọmọ ogun.

L'Ákùúrẹ́, oòrùn ti ń yẹ̀. Dókítà Tolúlọpẹ́ wá sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé kílẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn ló máa gba ààyè náà, ó sì lè di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún kàn án. Mojọlá gbé fóònù, ó bi Olórí Ilé ibi tó dé.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi," Philemon dá a lóhùn. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan àgbọn rẹ, yóò fi ọrùn dí i."

Ìgbà náà ló yé Mojọlá. Ó fẹ́ pe àgbọ̀n, àwọ̀n ló jáde. Philemon ní àwọ̀n wo, ṣé wọ́n ti tún gé àwọ̀n àwọn ará Ìlàjẹ mọ́ ọn ni? Dora na ọwọ́ kó gba fóònù. Mojọlá fà á sẹ́yìn. Àgbọ̀n tóun ti ń gbé kiri láti ìgbà ìkókó, ẹlòmíràn ò ní í bá òun bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó dijú, ó ń jọ ọ̀rọ̀ bí ẹni jọ ẹ̀gẹ́, ó ń da gbogbo èyí tó ní ètè nínú nù.

"Olórí Ilé, ẹ dákẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹnu yín. Kí ló wà níwájú ọwọ́ yín?"

"Irùngbọ̀n mi ni."

"Ẹ yọ irun kúrò. Kí ló kù?"

Philemon fọwọ́ wá a lábẹ́ irùngbọ̀n. Ó wo igi, ó wo àdá ọwọ́ rẹ̀. "Ó ku... àgbọ̀n."

"Òun ni wọ́n fẹ́ gé. Ẹ̀jẹ̀ yín ló kù."

Bí gbogbo wọn ṣe já wọ bọ́ọ̀sì Akíntáyọ̀ nìyẹn, tàdátàdá. Bọ́ọ̀sì náà ò sáré, ó fò. Kòtò ojú títì gan-an ń yà fún wọn. Nígbà tí ọlọ́dẹ ẹnu géètì rí ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n yọ àdá, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ làwọn bá wá, díẹ̀ ló kù kó fún wọn ní tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Philemon tó fẹ́ bá ìjọba jà rí abẹ́rẹ́, ó fi fìlà bojú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì. Ojú Mojọlá wú bí ẹní gbé elégédé méjì sẹ́ẹ̀kẹ́. Wọ́n fi rọ́bà di eyín rẹ̀ pọ̀, ògì àti omi ọbẹ̀ ló ń fà mu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti rántí òórùn púpúrú, omijé á dà. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ló ń jókòó síwájú dígí, ó ń kó ètè méjèèjì pàdé bí ẹni ń parí ìjà, ó ń kùn, mmm, mmm.

Lọ́jọ́ tó padà sí Igbodigo, abẹ́ àgbọn ló ti bá Philemon. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá," ó ní. "Bàbá mi. Èmi Mojọlá ni."

Philemon ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, omi ti ń jò lójú rẹ̀.

"Àwọn dókítà yìí ò ṣeun," ó ní. "Mo fún wọn lẹ́jẹ̀, wọ́n fi rọ̀ mí lóyè."

Mojọlá rẹ́rìn-ín. Ó pa ètè méjèèjì dé, ó tún là wọ́n.

"Bàbá," ó tún pè é, kó lè dá a lójú pé oyè Olórí Ilé náà ti lọ pátápátá.